Ọjà Ìdápadà àti Jìbìtì: Bí Olùtajà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí kò sí nínú ìdánwò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó kan àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Láàrin àwa tí a ń gbé Lugbe, ẹni tí ń ta bàtà wà, ẹni tí ń ta aṣọ wà, ẹni tí ń ta fóònù àlòkù, ìpara, irun àti ṣájà wà pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wa kò ní ìsọ̀ kankan. Orí WhatsApp, Instagram, Facebook, Jiji tàbí Jumia ni ìsọ̀ wa wà. Owó ilé àti owó ìwé ni a ń wá níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí ó ń ba irú òwò yìí jẹ́. Òun ni ti oníbàárà tí ó ra ọjà, tí ó sì fi ẹ̀tàn dá a padà. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí irú jìbìtì yìí jẹ́, ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ, àti ohun tí olùtajà lè ṣe kí ó má baà kó sí i. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rí tí olùtajà bá ṣe sílẹ̀ kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò gbà á. Ariwo tí ó bá pa lẹ́yìn tí ọjà ti padà dé kò lè ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

1. ỌJÀ ÀTIJỌ́ ÀTI ỌJÀ ÒDE ÒNÍ

Nínú ọjà ìbílẹ̀ wa, yálà ọjà ọrún ni o tàbí ọjà ojoojúmọ́, ojú ni olùtajà àti olùrà fi ń rí ara wọn. Olùrà yóò gbé ọjà yẹ̀wò, yóò tẹ èso wò, yóò na aṣọ wò nínú oòrùn, yóò ná an, kí ó tó sanwó. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìyálọ́jà wà níbẹ̀ tí yóò pe àwọn méjèèjì jókòó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọjọ́ ọjà mìíràn ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn dá ọjà padà lónìí mọ̀ pé òun yóò tún kọjá níwájú ìsọ̀ náà, àti pé gbogbo àwọn tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí yóò ti gbọ́.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Olùrà kì í fọwọ́ kan ọjà kí ó tó yàn án. Kò sí ìyálọ́jà tí yóò parí ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó lu jìbìtì lónìí lè fi nọ́ńbà fóònù mìíràn padà wá lọ́la.

Ẹ wo bí Lugbe pàápàá ti rí. Ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ni ó wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Abuja Municipal. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò láti ìpínlẹ̀ gbogbo ni ó kún FHA, Sabon Lugbe, Tudun Wada àti Trademore lónìí. Kì í ṣe ìlú tí a ti lè sọ pé, "Ọmọ ilé báyìí ni, a ó lọ bá baba rẹ̀." Ọjà tí a tà ní Car Wash lè lọ sí Kubwa tàbí Nyanya lọ́wọ́ ọlọ́kadà akẹ́rù tí gbogbo wa ń pè ní dispatch. Òun náà kò mọ olùtajà, kò sì mọ olùrà.

Ní ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó. Kí ọkàn àwọn ènìyàn tó lè balẹ̀ sí ọjà tí wọn kò rí, àwọn ilé iṣẹ́ yìí gbà kí oníbàárà sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un láyè láti dá ọjà padà láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ètò yìí fa oníbàárà mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ní owó tí ó ń jẹ. Nínú ìwé tí Jumia fi síta nígbà tí ó fẹ́ wọ ọjà ìpín owó New York ní ọdún 2019, ó sọ pé ní ọdún 2018, ọjà tí kò dé ọwọ́ olùrà àti èyí tí wọ́n dá padà kó ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó gbogbo ọjà tí wọ́n tà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jìbìtì o. Ẹlòmíràn kò sí nílé, bàtà ẹlòmíràn kò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni oníjìbìtì ń sá pamọ́ sí.

Nǹkan yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùtajà tí ń jẹ́ National Retail Federation pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Appriss Retail ṣe ìṣirò pé ní ọdún 2023, ọjà tí àwọn ènìyàn dá padà tó bílíọ̀nù 743 dọ́là. Nínú rẹ̀, wọ́n ní ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe nǹkan bíi bílíọ̀nù 101 dọ́là, jẹ́ ti ẹ̀tàn.

Ilé iṣẹ́ ńlá lè fara da irú àdánù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹnì kan ra bàtà ní N12,000 ní ọjà Wuse, tí ó tà á ní N15,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ N3,000. Bí oníbàárà bá fi bàtà gbígbó dípò tuntun, tí olùtajà sì dá N15,000 padà fún un, èrè ti lọ, ojúlówó owó N12,000 ti lọ pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ ta bàtà mẹ́rin mìíràn láìsí wàhálà kí ó tó padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òun ni ó san owó dispatch ìdápadà, ó di bàtà márùn-ún. Ẹni tí ojúlówó owó rẹ̀ kò ju N60,000 lọ, irú nǹkan yìí lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan ti tó láti lé e kúrò nínú òwò.

2. Ọ̀NÀ TÍ WỌ́N Ń GBÀ LU JÌBÌTÌ NÁÀ

Ọ̀nà mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n kò níí tètè bọ́ sí pàkúté.

(i) Pàṣípààrọ̀. Olùrà mú ọjà tuntun pamọ́, ó sì dá èyí tí ó ti bàjẹ́ tàbí ayédèrú irú rẹ̀ padà. Fóònù, ṣájà, bàtà àti irun ni wọ́n máa ń fi ṣe èyí jù.

(ii) Lò-ó-kí-o-dá-a-padà. Ó ra aṣọ ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí òde ní Sátidé, ó ya fọ́tò, ó sì dá a padà ní ọjọ́ Ajé pé kò bá òun mu. Òórùn lọ́fínńdà àti àbàwọ́n ìpara ni ó máa ń tú àṣírí rẹ̀.

(iii) Bíbà-á-jẹ́. Fóònù bọ́ sínú omi lọ́wọ́ olùrà, ó sì ní bí ó ṣe dé nìyẹn.

(iv) Yíyọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Wọ́n yọ bátìrì tàbí àwòrán ojú fóònù gidi kúrò, wọ́n fi burúkú sí i, wọ́n sì dá a padà. Lójú, ọjà kan náà ni. Nínú, ó ti di ohun mìíràn.

(v) "Kò dé ọ̀dọ̀ mi." Ó gba ẹrù tán, ó ní òun kò rí i, tàbí pé òkúta ni òun bá nínú páálí.

(vi) Ẹ̀tàn lórí owó. Ayédèrú aláàtì ni oníbàárà fi ra ọjà. Lọ́la ó ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, kí a dá owó tí kò san rárá padà. Ẹlòmíràn san owó gidi, ó gba ọjà, ó wá lọ sọ fún báńkì rẹ̀ pé àṣìṣe ni òun fi owó náà ránṣẹ́. Kí olùtajà tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, báńkì lè ti dí owó náà mọ́ inú àkáǹtì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀: báwo ni ọjà ṣe rí nígbà tí ó kúrò lọ́dọ̀ olùtajà, ta ni ó sì gbà á? Bí olùtajà kò bá lè dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu oníjìbìtì dọ́gba.

3. Ẹ̀KỌ́ LÁTI BANEX

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Banex Plaza, Wuse 2, ní oṣù May ọdún 2024, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó kọ́ gbogbo olùtajà ní Abuja lẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra fóònù tí a ń tún tà. Aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù kan tí wọ́n rà níbẹ̀, tí wọ́n gbé padà wá pé ó ní àléébù. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàrin àwọn sójà àti àwọn tí wọ́n wà ní plaza náà, wọ́n na àwọn sójà, wọ́n sì ti plaza náà pa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Oníṣòwò tí kò mọ ohunkóhun nípa fóònù náà kò lè ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

A kò fẹ́ sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, nítorí a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọ̀rọ̀ fóònù kan ṣoṣo, bí kò bá sí ìlànà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ìdápadà ọjà, lè di ìjà ìgboro. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí olùtajà àti olùrà ti ń rí ojú ara wọn, mélòó mélòó ni ibi tí wọn kò ti rí ara wọn?

4. OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ olùtajà rò pé bí àwọn bá ti kọ "Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà" sí ara rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí a mọ̀ sí Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà. Àjọ FCCPC, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja níbí, ni ó ń bójú tó òfin náà. Kò sí àkọlé rìsíìtì tí ó lè pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka òfin náà dáadáa, nítorí ààbò olùtajà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ọjà tí ó léwu tàbí tí ó ní àléébù, abala 122 sọ pé oníbàárà lè dá ọjà padà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, lórí ìdí méjì. Èkíní, bí ó bá ti sọ ohun pàtó tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún olùtajà, tí ọjà kò sì wúlò fún ohun náà. Èkejì, bí kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí ó tó gbà á, tí ọjà náà kò sì bá àpèjúwe, àpẹẹrẹ tàbí irú èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí mu. Nínú méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe é láàrin àkókò tí ó bá ọgbọ́n mu.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, "ọkàn mi ti yí padà" kò sí lára ìdí tí abala yìí kà sílẹ̀. Bí ọjà bá bá àpèjúwe mu, tí kò sì ní àléébù, ìfẹ́ inú olùtajà ni láti gbà á padà tàbí kí ó má gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí bẹ́ẹ̀: ìlànà Consumer Contracts Regulations 2013, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù June ọdún 2014, fún olùrà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. Síbẹ̀, ìlànà náà fún olùtajà láyè láti di owó mú títí ọjà yóò fi padà dé tàbí tí olùrà yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé òun ti fi í ránṣẹ́, àti láti yọ nínú owó náà bí olùrà bá ti lo ọjà kọjá bí ènìyàn ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí àwa náà má kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn wa fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ yí padà.

Èkejì, àpèjúwe ọjà ni òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá kọ "fóònù tí ó dára" lásán, ẹ ti fún oníjìbìtì ní ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá kọ "fóònù àlòkù, ojú rẹ̀ ní ìlà kékeré kan ní igun òsì, bátìrì rẹ̀ wà ní ìdá 84", kò sí ẹni tí yóò fi ìlà náà dá a padà.

Ẹ̀kẹta, ìdí kejì nínú òfin náà dúró lórí pé olùrà kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò. Nítorí náà, olùtajà tí ó bá fún olùrà láyè láti tú ẹrù, kí ó tan fóònù, kí ó wọ bàtà wò, níwájú ẹni tí ó gbé e wá, ti ti ìlẹ̀kùn yẹn. Ohun tí ó kù fún olùrà ni àléébù tí ó fara pamọ́, èyí sì tọ́ sí i.

Ní ti oníjìbìtì fúnra rẹ̀, òfin Advance Fee Fraud and Other Fraud Related Offences Act ti ọdún 2006 sọ pé ẹni tí ó bá fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò láti lù ú ní jìbìtì yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ, láìsí àyè owó ìtanràn. Ẹni tí ó rò pé eré ni òun ń ṣe nígbà tí ó dá bàtà gbígbó padà, kí ó tún un rò.

Ṣé fọ́tò àti fídíò inú fóònù lè jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù? Bẹ́ẹ̀ ni. Abala 84 nínú Evidence Act ti ọdún 2011 gba ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí a bá tẹ̀ lé ìlànà tí ó là sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ pa fídíò náà rẹ́ kúrò nínú fóònù tí ẹ fi yà á, bí ẹ tilẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn.

5. Ọ̀NÀ ÌDÁÀBÒBÒ

A ó pín èyí sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe ń rìn.

(a) Kí ọjà tó jáde. Ẹ kọ àpèjúwe tí ó kún, pẹ̀lú àléébù bí ó bá ní. Ẹ ya fídíò kan ṣoṣo tí kò já: ọjà, nọ́ńbà ara rẹ̀, bí ẹ ṣe ń dì í, bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́, àti orúkọ olùrà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ *#06# kí nọ́ńbà IMEI onídíjíìtì 15 hàn nínú fídíò, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rìsíìtì. Bí ó bá jẹ́ bàtà, ẹ fi bírò kọ àmì kékeré sí abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, níbi tí ojú kò tètè rí. Bí ó bá jẹ́ aṣọ, ẹ so káàdì ńlá mọ́ iwájú rẹ̀ níbi tí kò ti ṣeé wọ̀ jáde láì já a, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé aṣọ tí a ti já káàdì rẹ̀ ni a ó kà sí èyí tí wọ́n ti wọ̀, àyàfi bí ó bá ní àléébù.

(b) Nígbà tí owó bá wọlé. Ẹ má gba aláàtì orí fóònù tàbí fọ́tò ìwé ìsanwó gbọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ rí owó náà níbẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì tí ó dárúkọ ọjà, iye owó àti ọjọ́ ránṣẹ́ sí olùrà, kí ẹ sì ní kí ó dáhùn pé òun rí i. Ìdáhùn yẹn ni ẹ ó fi han báńkì bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣìṣe ni owó náà.

(d) Nígbà tí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ olùrà. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin kan ránṣẹ́ sí olùrà nìkan, kí dispatch má fi ẹrù sílẹ̀ àfi bí olùrà bá sọ nọ́ńbà náà fún un. Ẹni tí ó bá ti sọ ọ́ kò lè sọ pé ẹrù kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú ẹrù lójú ẹni tí ó gbé e wá, tàbí kí ó ya fídíò bí ó ṣe ń tú u. Bí dispatch bá béèrè owó kún owó láti dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ san án. Owó tí ó ń gba ni lọ́wọ́ gbèsè ni.

(e) Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dá a padà. Ẹ má bínú, ẹ má sì sá. Ẹ béèrè fún fọ́tò tàbí fídíò àléébù náà. Bí ìdí bá wà, ẹ gba ọjà padà, ṣùgbọ́n kí owó má kúrò lọ́wọ́ yín kí ọjà tó dé. Nígbà tí ó bá dé, ẹ tú u lójú ẹni tí ó gbé e wá, kí ẹ ya fídíò, kí ẹ fi nọ́ńbà àti àmì rẹ̀ wé ti tẹ́lẹ̀. Àkáǹtì tí owó ti wá gan-an ni kí ẹ dá a padà sí, kì í ṣe ti "àbúrò mi" tàbí "ọ̀rẹ́ mi".

Ẹni tí ń tajà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, kí ó ka ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ náà kí ó tó gbé ọjà síbẹ̀, pàápàá iye ọjọ́ tí olùtajà ní láti fi ṣe àtakò sí ọjà tí wọ́n dá padà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ̀rí tí ó dára jù lọ lè má wúlò mọ́.

6. ÀPẸẸRẸ ÀDÉHÙN ÀTI ÈSÌ

Ẹ lè da èyí kọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olùrà kí ó tó sanwó:

"A dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ọjà wò nígbà tí ó bá dé, kí ẹni tí ó gbé e wá tó lọ. Bí ó bá ní àléébù tàbí tí kò bá àpèjúwe wa mu, ẹ sọ fún wa láàrin ọjọ́ mẹ́ta. A ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a dá owó yín padà, àwa ni a ó sì san owó dispatch. Àléébù tí ó bá fara pamọ́, ẹ sọ ọ́ ní kété tí ẹ bá rí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn yín ni ó yí padà, a lè gbà á bí ẹ kò bá tíì lò ó, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó dispatch. A ó yẹ ọjà wò kí a tó dá owó padà, àkáǹtì tí ó ti wá ni a ó sì dá a padà sí."

Bí ọjà tí ó padà bá sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ tà, ẹ fi ọ̀wọ̀ dáhùn báyìí:

"Ẹ káàsán o, mà. Ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Nọ́ńbà tí a bá lára rẹ̀ kò bá èyí tí ó wà lórí rìsíìtì yín mu. Fídíò méjèèjì nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wò ó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì í gbé nínú ilé. Bí ẹ bá rí tiwa, ẹ jẹ́ kí a mọ̀, kí a lè dá owó yín padà lónìí."

Irú èsì yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní olè, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ojú bá tì láti tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Bí kò bá gbọ́, ẹ kó ẹ̀rí yín lọ bá ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń tajà, báńkì, tàbí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé fọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àkọlé "Ẹ wo olè". Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ṣì í mọ̀, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè yí padà sí ọ̀dọ̀ yín.

7. Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWA TÍ A Ń RÀ

A kò níí parí ẹ̀kọ́ yìí láìfi ọwọ́ kan ara wa. Láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn kan wà tí wọ́n ń pe "wọ̀ ọ́ kí o dá a padà" ní ọgbọ́n. Ẹ̀tàn kì í ṣe ọgbọ́n. Ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ni wọ́n ń fi ìyà jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé ìwé bíi tiwọn ni ọjà náà jẹ́ tirẹ̀. Ìyà náà sì tún kan olùrà olóòótọ́. Olùtajà tí wọ́n ti lù ní jìbìtì lẹ́ẹ̀mejì kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni kẹta, bí fóònù ẹni kẹta tilẹ̀ bàjẹ́ ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àkọlé "a kì í gbà á padà" ṣe kún ibi gbogbo.

Olùtajà náà ní ojúṣe. Ẹni tí ń ta ayédèrú, tí ń fi fọ́tò ọjà mìíràn polówó, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ké pé wọ́n lu òun ní jìbìtì nígbà tí ọjà rẹ̀ bá padà wá. Ààbò tí a ń sọ jẹ́ ti olóòótọ́.

8. ÌPARÍ

Ní àkótán, òfin kò ní kí olùtajà má gba ọjà padà, kò sì ní kí ó gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá. Ohun tí ó béèrè ni òtítọ́ nípa bí ọjà ṣe rí. Ẹni tí ó ní àpèjúwe tí ó kún, fídíò tí kò já, rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà, àti àdéhùn tí olùrà ti kà, lè gba ọjà olóòótọ́ padà tayọ̀tayọ̀, kí ó sì kọ ti oníjìbìtì láìpariwo. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n olóhun tí kò sàmì sí ohun ìní rẹ̀, kí ni yóò fi mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ náà?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọjà tí ó ní àléébù àti ọjà tí ọkàn olùrà kúrò lára rẹ̀? Èwo nínú wọn ni òfin ọdún 2018 dárúkọ?
2. Báwo ni yíyẹ ọjà wò níwájú dispatch ṣe ń dáàbò bo olùtajà àti olùrà lẹ́ẹ̀kan náà?
3. Kọ àpèjúwe fóònù àlòkù kan tí kò níí fi àyè sílẹ̀ fún oníjìbìtì.
4. Ipò ìyálọ́jà kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ẹgbẹ́ wa lè yan àwọn tí yóò máa parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀?